Ẹ Kó Ẹrù Yín Jáde Kí Ẹ Tó Nu Fóònù Yín

Àwọn àgbà ni ó sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ìjà lọ́kọláya. Ọ̀rọ̀ fóònù tí ó wà lápò yín ni, èyí tí ẹ fi ń pe oníbàárà, tí ẹ fi ń gba owó, tí ẹ fi ń ya àwòrán ọmọ. Bí ó bá dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú ìyá kan rí ní àdúgbò wa ní Baruwa, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìyá náà ń ta èlò ọbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà: ata, tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ. Yàtọ̀ sí ọjà tí ó ń tà, ó tún jẹ́ alájọ. Ènìyàn méjìlélọ́gbọ̀n ni ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà kan rí, inú ìwé ni ó ń kọ orúkọ wọn sí, ṣùgbọ́n òjò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ba ìwé náà jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù: orúkọ, iye owó, ọjọ́ tí oníkálùkù san án. Ohùn bàbá àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó ti di olóògbé, wà nínú fóònù náà pẹ̀lú, gbogbo èyí tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ní oṣù tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Bí oorun bá dá lójú ìyá yìí lóru, a máa tẹ̀ ẹ́, a máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìgbín. Bí ìyá bá tẹ ibi kan, ibòmíràn ni yóò ṣí. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Ọmọ náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Màmá, fóònù yìí ti kún. Àfi kí á fọ́ọ̀màtì rẹ̀."

"Ṣé yóò wá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ mi?"

"Yóò ṣiṣẹ́ bíi tuntun, Màmá."

"Ó dára, tètè bá mi ṣe é. Mo fi ọjà sílẹ̀ wá ni."

Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù mú, ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn, kò pẹ́ ni ó parí. Fóònù tàn, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè ni ímeèlì ẹni tí ó ni ín, àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìyá kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ta fóònù fún un ni ó ṣí ímeèlì náà fún un lọ́jọ́ tí ó rà á, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

"Ọmọ mi, orúkọ àwọn tí ń dá àjọ ńkọ́? Ohùn bàbá àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ẹ ti ṣe báákọ́ọ̀pù ni."

Báákọ́ọ̀pù! Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù.

KÍ NI FỌ́Ọ̀MÀTÌ, KÍ SÌ NI BÁÁKỌ́Ọ̀PÙ?

Ohun tí àwọn tí ń tún fóònù ṣe ń pè ní fọ́ọ̀màtì tàbí rísẹ́ẹ̀tì ni kí a dá fóònù padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó jáde láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó sínú rẹ̀ ni yóò lọ. Ó dà bí ìgbà tí onílé fẹ́ kun yàrá. Ayálégbé tí ó bá gbọ́n yóò kọ́kọ́ kó bẹ́ẹ̀dì, àpótí àti ìwé rẹ̀ jáde. Bí ọ̀dà bá gbẹ tán, yóò kó wọn padà. Kíkó ẹrù jáde yẹn ni báákọ́ọ̀pù: kí ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú fóònù, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà náà sí ibòmíràn.

Fọ́ọ̀màtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Ó ní ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ta fóònù, tàbí ẹ fẹ́ fún àbúrò yín, dandan ni kí ẹ nu ún, kí ẹlòmíràn má baà ka àṣírí yín. Bí ohun burúkú kan bá wọ inú rẹ̀ tí kò ṣeé lé jáde, òun náà ni oògùn rẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí a nu ún kí a tó kó ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí a ti ń bọ̀. Kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí àwọn ilé iṣẹ́ GSM bẹ̀rẹ̀ sí í ta síìmù ní Nàìjíríà, gbogbo ìlà tẹlifóònù NITEL tí ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tí ó bá ní tẹlifóònù nínú ilé nígbà náà, ọlọ́lá ni. Ìwé ni oníṣòwò ń kọ gbèsè sí, rẹ́jísítà ni olùkọ́ ń kọ máàkì sí, orí ni a sì fi ń mọ nọ́ńbà àwọn ẹbí wa. Lónìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho yìí, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, agbára káká ni ẹ ó fi rí ọlọ́jà kan láti Ikotun dé Egbeda, láti Igando dé Ipaja, tí kò ní fóònù lọ́wọ́. Ìwé gbèsè, rẹ́jísítà, àpótí àwòrán àti orí wa, gbogbo wọn ni a ti kó sínú ohun kékeré kan tí ó lè bọ́ sínú gọ́tà nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

ṢÉ ẸNI TÍ Ó MỌṢẸ́ KÒ LÈ BÁ WA WÁ A PADÀ NI?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Wọ́n a ní, "Bí a bá gbé e lọ sí Computer Village ní Ikeja, ṣé wọn kò ní lè yọ ọ́ jáde?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó yín lásán.

Nínú àwọn fóònù àtijọ́, bí a bá pa nǹkan rẹ́, ó dà bí ìgbà tí a fa ìlà kọjá lórí orúkọ kan nínú ìwé. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú ṣì lè kà á. Àwọn fóònù ayé ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó sínú wọn ni wọ́n ń tì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tí ó wà nínú ara wọn. Nígbà tí ẹ bá nu fóònù, kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni ó ń pa run. Bí àpótí náà tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ irú kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe ìlérí fún yín pé òun yóò yọ àwòrán jáde nínú fóònù tuntun tí a ti nu, ẹ fi ìbéèrè dá a lóhùn kí ẹ tó fi owó dá a lóhùn. Bí omi bá ti dànù, a kì í kó o jọ.

Kí ẹ má baà sì bẹ̀rù jù, ẹ mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí kì í bá fóònù lọ. Owó yín tí ó wà ní báǹkì, báǹkì ni ó wà, kì í ṣe inú fóònù. Nọ́ńbà yín wà lára síìmù, NIN yín sì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú wọn lórí WhatsApp yóò tún hàn bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà yín kan náà wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá ara yín sọ níbẹ̀ ni kò ní sí mọ́.

Ẹ MÁ KÁNJÚ FỌ́Ọ̀MÀTÌ

Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni a ń torí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí fóònù yín bá ń lọ́ra, ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí ó bá ti kún, ẹ wọ inú WhatsApp, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wá "Storage and data", lẹ́yìn náà "Manage storage". Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn fídíò ńláńlá tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́: ijó ìgbéyàwó, ìwàásù, àwàdà, tí ẹ ti wò tán láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ pa àwọn tí ẹ kò nílò rẹ́. Ẹ yọ àwọn áàpù tí ẹ kì í lò kúrò. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ní kí a fọ́ọ̀màtì, irú ìgbálẹ̀ báyìí péré ni ó ń fẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni kò wọlé, fóònù Android ní ibi kan tí a lè tún ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ṣe, láì fọwọ́ kan àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ yín. Páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tí ẹ ti fi pamọ́ àti ohun tí ẹ so mọ́ Bluetooth ni yóò lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tí ń tún fóònù ṣe pé, "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?" kí ẹ tó gbà.

BÍ A ṢE Ń KÓ ẸRÙ JÁDE

Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ẹ ṣe wọ́n nílé, níbi tí ara ti rọ̀ yín, kì í ṣe lábẹ́ agbòòrùn ẹni tí oníbàárà mẹ́ta mìíràn ń dúró dè.

Èkínní, nọ́ńbà àwọn ènìyàn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà tuntun sílẹ̀, ibi mẹ́ta ni fóònù lè fi í sí: ara síìmù, inú fóònù nìkan, tàbí ọ̀dọ̀ Google. Èyí tí ó wà nínú fóònù nìkan yóò bá fọ́ọ̀màtì lọ. Èyí tí ó wà lára síìmù kò ní lọ, ṣùgbọ́n síìmù kì í sábà gbà ju nǹkan bí orúkọ 250 lọ, kò sì tó fún oníṣòwò. Èyí tí ó dára jù ni ti Google, nítorí pé bí ẹ bá ti fi ímeèlì yín wọ fóònù mìíràn, gbogbo orúkọ yóò yọ síbẹ̀. Ní àfikún, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Export" sí nínú ìwé nọ́ńbà yín. Fóònù yóò di gbogbo orúkọ sínú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí vcf. Ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tàbí sí ímeèlì yín.

Èkejì, WhatsApp. Ẹ lọ sí "Settings", ẹ tẹ "Chats", ẹ tẹ "Chat backup", ẹ yan ímeèlì yín, kí ẹ sì tẹ "Back up". Bí ẹ bá fẹ́ kí fídíò bá a lọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. WhatsApp a máa ṣe ẹ̀dà kan sínú fóònù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti inú fóònù yóò bá fóònù lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbà á padà, nọ́ńbà kan náà àti ímeèlì kan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ lò. Láti ọdún 2021, WhatsApp fún ẹni tí ó bá fẹ́ láyè láti fi páásíwọ́ọ̀dù ti ẹ̀dà náà pa. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, tí ẹ sì gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù náà, WhatsApp pàápàá kò lè ṣí i fún yín. Bí ẹ bá sì ti fi nọ́ńbà àṣírí oní-díjíìtì mẹ́fà sí WhatsApp yín, ẹ rántí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ lè dúró fún ọjọ́ méje kí ó tó wọlé.

Ẹ̀kẹta, àwòrán àti fídíò. Google Photos lè tọ́jú wọn fún yín. Ohun tí Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ni àyè 15 GB, ímeèlì, ìwé, àwòrán àti báákọ́ọ̀pù WhatsApp ni wọ́n sì jọ ń pín in. Ẹ kíyè sí ohun kan tí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: àwòrán tí ẹ fi kámẹ́rà yín yà ni ó sábà máa ń gbé lọ fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp wà nínú fódà mìíràn, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún un pé kí ó gbé fódà náà pẹ̀lú. Bí dátà bá wọ́n yín, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ ra fíláàṣì tí ẹnu rẹ̀ bá ti fóònù yín mu, kí ẹ da àwòrán yín sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àti ohùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níhìn-ín. Ìbéèrè ìdánwò, máàkì àwọn ọmọ, ìwé ètò ẹ̀kọ́, orúkọ àwọn tí ó ti san owó ìdánwò, ẹ wá wọn nínú "Downloads" àti nínú áàpù tí ẹ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Àwọn áàpù ìkọ̀wé àti ìgbohùnsílẹ̀ kan kì í gbé nǹkan lọ síbì kankan fúnra wọn. Ohun tí ẹ kò bá fi ọwọ́ ara yín gbé, ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni gbé e.

Ìkarùn-ún, mẹ́mọ́rì káàdì. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ọ̀màtì kì í fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì káàdì tí a ki bọ inú fóònù, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì yọ síìmù pẹ̀lú. Ẹ ṣọ́ra o: bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti ní kí fóònù sọ káàdì náà di ara inú rẹ̀, kò sí fóònù mìíràn tí yóò lè kà á, fóònù yẹn náà kò sì ní lè kà á mọ́ lẹ́yìn fọ́ọ̀màtì. Ẹ da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn ṣáájú.

Ẹ̀kẹfà, ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù. Ibí ni ẹsẹ̀ ìyá wa ti yọ̀. Láti ọdún 2015 ni Android ti ní ètò kan tí ó wà fún olè: bí ẹnikẹ́ni bá fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ nu fóònù, yóò béèrè ímeèlì tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tí ó ni fóònù kò bá mọ̀ ọ́n, ojú olè ni fóònù yóò fi wò ó. iPhone náà ní irú rẹ̀. Ẹ kọ ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù yín sínú ìwé kan, kí ẹ fi í sí ibi ìpamọ́ nílé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí páásíwọ́ọ̀dù Google yín padà, ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó nu fóònù.

Èkeje, báǹkì. Owó kò ní lọ, ṣùgbọ́n áàpù báǹkì yóò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ rí i pé síìmù tí báǹkì mọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń lo áàpù tí ń mú nọ́ńbà àṣírí tuntun jáde ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí fóònù mìíràn ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM yín kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù tí ẹ ń kó yìí rárá.

Ẹ̀yin tí ń lo iPhone, iCloud ni ti yín. Ẹ tẹ orúkọ yín nínú "Settings", ẹ tẹ "iCloud", lẹ́yìn náà "iCloud Backup". Àyè ọ̀fẹ́ tiwọn kò ju 5 GB lọ, nítorí náà ẹni tí àwòrán rẹ̀ pọ̀ yóò nílò kọ̀ǹpútà.

Ìkẹjọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ẹ yá fóònù ọmọ yín tàbí ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ fi ímeèlì yín wọlé, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ àti àwòrán wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ gbọ́ ohùn kan. Bí ẹ bá parí, ẹ yọ ímeèlì yín kúrò nínú fóònù onífóònù. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣájì fóònù yín kí bátìrì rẹ̀ kún dáadáa, nítorí pé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wa ti rí. Ìgbà náà ni ẹ tó lè lọ sí "Settings" kí ẹ sì nu ún.

Bí ẹ bá sì ti parí, ẹ tètè gba ẹrù yín padà. Fún àpẹẹrẹ, báákọ́ọ̀pù Android tí Google ń tọ́jú, tí ó ní ètò fóònù àti ìtàn ìpè nínú, Google lè pa á rẹ́ bí a kò bá lo fóònù náà fún ọjọ́ 57.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Mo mọ olùkọ́ kan ní Egbeda tí fóònù rẹ̀ dákú ní ọ̀sẹ̀ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n kó máàkì sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni obìnrin yìí ti ń fi ìwé máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀, ó sì ń tẹ ẹ̀dà kan jáde ní ìparí oṣù. Ó yá fóònù àbúrò rẹ̀, ó ṣí ímeèlì, ó kó máàkì sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, ó ní, "Bàbá mi ni. Oníkòkó ni wọ́n. Ibi méjì ni wọ́n máa ń kọ gbèsè sí, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lóko."

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kì í sì í ṣe fọ́ọ̀màtì nìkan ni ó lè mú ẹrù yín lọ. Olè wà nínú dánfó, omi wà nínú gọ́tà. Àwa ará Baruwa kò sì ní gbàgbé òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí gáàsì bú gbàmù ní àdúgbò wa, tí iná gba ẹ̀mí ènìyàn, tí ó sì jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí iná bá lé jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn kò ní ráyè mú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ráyè mú fóònù. Ẹ̀mí kò ní pààrọ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn kò ní kú mọ́ ilé. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí fóònù bá dákú. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó di àṣà yín bí ìgbà tí ẹ ń ka owó ọjà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ NÁÀ ṢE PARÍ

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá alájọ já sí. Orí bá a ṣe é, nọ́ńbà síìmù rẹ̀ ni ẹni tí ó ta fóònù lò nígbà tí ó ń ṣí ímeèlì náà. Google fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí síìmù yẹn, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì fóònù ṣí. Díẹ̀ nínú àwọn orúkọ padà wá. Ti WhatsApp kò wá, àkọsílẹ̀ àjọ kò sì wá.

Ó pe àwọn méjìlélọ́gbọ̀n jọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Ó ti lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ní báǹkì, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn lórí àwọn tí ó ń fi owó ránṣẹ́. Ti àwọn tí ń kó owó lé e lọ́wọ́ ni ó ṣòro, nítorí pé ẹnu nìkan ni ẹ̀rí. Àwọn tí ó pọ̀ jù sọ òtítọ́. Àwọn méjì pe iye tí ó ju èyí tí ìyá rántí lọ. Ó wò wọ́n títí, kò jà. Ó san án fún wọn nínú owó ọjà tirẹ̀, ó ní orúkọ òun ju owó náà lọ. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ta ata lásán láìsí ẹja, kí owó ọjà rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Ní ti ohùn bàbá àwọn ọmọ, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù láyé. Ìyá ti fi í ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ibadan nígbà kan, kí ọmọ náà lè fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò gùn rárá. Bàbá ń sọ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ gbogbo iṣu náà tán, òun ń bọ̀. Ọmọ náà fi í ránṣẹ́ padà sí ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́. Nísinsìnyí, ohùn yẹn wà nínú fóònù ìyá, ó wà nínú ti ọmọ, ó wà nínú ímeèlì, ó sì wà nínú fíláàṣì kan tí ìyá so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àwọn yòókù ti lọ, wọn kò sì ní padà mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ ti gbọ́ tiwa. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ bi ara yín pé, bí èyí bá lọ lọ́la, kí ni n kò ní lè rí mọ́? Ohun tí ó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. Ó dìgbà kan ná.